Òmìnira Tí Kò Ní Ilẹ̀: Ọ̀rọ̀ Ẹrú, Ìwọ̀fà àti Oko Àjọpín

  

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ń fa àríyànjiyàn láàárín wa, mo sì rò pé ó tọ́ ká gbé e yẹ̀ wò nínú ìwé ìdílé wa yìí. Púpọ̀ nínú wa ló ní oko kòkó tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ ní abúlé, lọ́nà Ìdó, lọ́nà Àkànrán, lọ́nà Làlúpọn. Àwa fúnra wa ò gbé oko mọ́. Ẹlòmíì ló ń bá wa tọ́jú ẹ̀: ará Àgátú, Ìgbìrà, Ègùn, tàbí ará Tógò. Bí wọ́n bá ká kòkó, tí wọ́n sá a gbẹ, tí wọ́n tà á, wọ́n á pín owó rẹ̀. Onílẹ̀ á mú tiẹ̀, ẹni tó ṣiṣẹ́ á mú tiẹ̀. Alájọpín ni n ó máa pe ẹni tó ṣiṣẹ́ yìí.

Ní ìtàdógún kan láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ẹrú la tún ń kó lọ́nà ẹ̀yìn. Ìyá àgbà kan dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Ọmọ mi, rọra. Ìyá tó bí ìyá mi ló sọ ohun tí wọ́n ń pè lẹ́rú fún mi. Ẹrú kì í bá olówó ẹ̀ pín nǹkan."

Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Lójú tèmi, òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ènìyàn lè bá ènìyàn pín irè oko kí àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n gbèsè tí kò ní òpin, tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣírò rẹ̀, òun ló ń mú ẹrú padà wọlé lẹ́yìn tí òfin ti lé e jáde. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ṣẹlẹ̀ nílé, ká wo bó ṣe ṣẹlẹ̀ lókè òkun, ká tó padà sórí oko tiwa.

Ìbàdàn àti ẹrú

Ká má tan ara wa, ogun ló tẹ ìlú wa yìí dó. Ní nǹkan bí 1829 ni àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá fi ibẹ̀ ṣe bùdó. Láti ìgbà náà títí ogun Èkìtìparapọ̀ fi tú ká ní 1893, ẹrú wà lára èrè ogun. Wọ́n ta àwọn kan lọ sí etíkun, wọ́n kó àwọn ìyókù lọ sóko. Àwọn ẹrú ló ń gbin iṣu àti àgbàdo tí ọmọ ogun ń jẹ. Àwọn ló ń ṣe epo pupa tí wọ́n ń tà fún Òyìnbó. Àwọn mìíràn gbé ìbọn tẹ̀ lé olówó wọn lójú ogun, àwọn kan tilẹ̀ di ajẹ́lẹ̀ tó ń ṣojú ìjòyè ní ìlú òkèèrè.

Ẹ ó rántí Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ eré nípa rẹ̀, eré tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970. Oníṣòwò ńlá ni, oko rẹ̀ kún fún ẹrú. Ní 1874, nígbà tí ìjà òun àti Ààrẹ Látòósà dójú ẹ̀, àwọn ẹrú inú ilé rẹ̀ gan-an ni wọ́n lò láti pa á. Ẹni tó bá ka ìtàn yẹn dáadáa á mọ̀ pé ọrọ̀ tí ẹrú kọ́ kì í jẹ́ kí olówó sùn dọ́kàn.

Ní 1893, Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Èkó. Captain Bower wá jókòó gẹ́gẹ́ bí ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó. Ogun parí, ẹrú tuntun ò wọlé mọ́. Nínú àwọn tó wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ sá lọ. Àwọn kan sá lọ sí Èkó, àwọn kan lọ síbi iṣẹ́ rélùwéè, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 tó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ṣùgbọ́n Òyìnbó ò fẹ́ kí oko àwọn ìjòyè dahoro. Torí náà, wọn ò sọ pé kí gbogbo ẹrú máa lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹrú tó bá fẹ́ òmìnira ní láti wá owó ìràpadà fún olówó rẹ̀. Ó di 1916 kí òfin tó jáde pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ẹrú mọ́ lójú òfin ní Nàìjíríà.

Ẹ wá fọkàn yàwòrán ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tí wọ́n kó láti Èkìtì, tó ti lo ogún ọdún lóko olówó. Òfin ní kó máa lọ. Níbo ló fẹ́ lọ? Ilẹ̀ tó ń ro, ti olówó ni. Yàrá tó ń sùn, ti olówó ni. Àwọn àgbà ní ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Òmìnira dé, ọ̀nà ṣì jìn. Ọ̀pọ̀ wọn ló dúró síbi tí wọ́n wà. Wọ́n gba ilẹ̀ díẹ̀ dáko lọ́wọ́ olówó àtijọ́, wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n ń ṣe tiwọn lọ́jọ́ kejì. Díẹ̀díẹ̀ wọ́n di ara agbo ilé. Ọmọ wọn àti ọmọ onílé wá ń jẹ́ orúkọ kan náà, wọ́n sì jọ ń bọ òrìṣà kan náà.

Ìwọ̀fà

Níbo ni ẹrú ti ń rí owó ìràpadà? Ibẹ̀ ni ìwọ̀fà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìwọ̀fà ti wà tipẹ́ kí Òyìnbó tó dé. Bí ènìyàn bá nílò owó láti fi sìnkú, láti fi gbéyàwó, tàbí láti fi san ìtanràn, á wá onígbọ̀wọ́, wọ́n á jọ lọ bá olówó. Á fi ara rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀ dógò. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ń ṣe, èlé owó ni. Bó ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, iye tí wọ́n yá ò dín kọ́bọ̀ kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà pé ni iṣẹ́ parí.

Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, kò sì yẹ ká da àwọn méjèèjì pọ̀. Àgbàlagbà tó jẹ́ ìwọ̀fà ń gbé ilé ara rẹ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ olówó fún apá kan ọjọ́, ó sì ń fi ìyókù ṣe oko tirẹ̀. Olówó ò lè tà á. Ìdílé rẹ̀ mọ ibi tó wà, ó ń bá wọn bọ òrìṣà, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣọdún. Bí olówó bá fi obìnrin tó jẹ́ ìwọ̀fà rẹ̀ ṣaya, gbèsè náà ti parí nìyẹn. Onígbọ̀wọ́ sì wà láàárín tó lè wojú olówó, kó sọ pé, "Èyí ò tọ́."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọdé yàtọ̀. Ọmọ tí wọ́n fi dógò, ilé olówó ló ń gbé, àárọ̀ dalẹ́ ló fi ń ṣiṣẹ́. Òun kọ́ ló jẹ owó, òun kọ́ ló ná an. Bí bàbá rẹ̀ bá kú láìsan án ńkọ́? Gbèsè di ogún nìyẹn. Níbi tí gbèsè bá ti di ogún, ìwọ̀fà ti súnmọ́ ẹrú tímọ́tímọ́.

Nígbà tí ẹrú ń dínkù, tí kòkó sì ń gbòòrò ní oko Ìbàdàn, ìwọ̀fà ló pọ̀ sí i. Kòkó ń fẹ́ ọwọ́ tó pọ̀: igbó ṣíṣán, gbígbìn, ríro, kíká, fífọ́, sísá. Ẹrú tó fẹ́ ra ara rẹ̀ padà á lọ yá owó lọ́wọ́ ẹlòmíì, á san án fún olówó rẹ̀, á wá di ìwọ̀fà ẹni tó yá a lówó. Ó kúrò ní yàrá, ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò tíì jáde síta. Lẹ́yìn àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ṣe lórí ọ̀rọ̀ ẹrú ní 1926, ìjọba Òyìnbó wá ń wo ìwọ̀fà lójú líle, pàápàá ti ọmọdé. Síbẹ̀, ọdún 1930 ti wọlé dáadáa kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀.

Igi kòkó di ìwọ̀fà

Nígbà tí kò dára mọ́ láti fi ènìyàn dógò, àwọn àgbẹ̀ wá ń fi oko dógò. Owó kòkó já wálẹ̀ gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ẹni tó ti jẹ gbèsè nígbà tí ọjà dùn wá fi oko kòkó rẹ̀ lé olówó lọ́wọ́. Olówó á máa ká a. Lọ́pọ̀ ìgbà, kòkó tó ń ká kì í dín owó tí wọ́n yá, èlé ni wọ́n kà á sí. Ẹ ò rí i pé òfin ìwọ̀fà náà ló dì mọ́ igi kòkó? Igi ló wá ń sin olówó.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tí kò ní ilẹ̀ ń dé láti ibi tó jìn. Àwọn kan gba igbó, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Àwọn kan ò rí igbó gbà, wọ́n gba oko tó ti ń so tọ́jú, wọ́n sì ń gba ìpín. Ní Gánà, wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní abusa, ìyẹn ìdá mẹ́ta: alágbàtọ́jú á mú ìdá kan, onílẹ̀ á mú méjì. Èyí tí wọ́n ń pín sí méjì dọ́gbadọ́gba ni wọ́n ń pè ní abunu. Tiwa náà ò jìnnà sí i.

Ẹ gbójú sókè wo Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀. Àjà 26 ni, 1965 ni wọ́n kọ́ ọ parí. Àjọ ìjọba tó ń ra kòkó nígbà náà kì í san gbogbo owó tí kòkó ń mú wá lókè òkun fún àgbẹ̀. Èyí tí wọ́n dá dúró wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣe nǹkan ńláńlá. Gbogbo wa la ń fi ilé náà yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń dárúkọ àwọn tó kọ́ ọ, ẹ jẹ́ ká dárúkọ àwọn tí kò ní igi kòkó kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé àdá nìkan ni wọ́n ní.

Àwọn ará wa lókè òkun

Ẹ jẹ́ ká ré òkun kọjá díẹ̀, torí àwọn tí ogun ilẹ̀ Yorùbá kó lọ ni wọ́n gbé òrìṣà wa dé Kúbà, Bàhíà àti Trinidad. Ọ̀rọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ wa ni.

Ní 1833, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé kí ẹrú tán ní àwọn erékùṣù wọn. Wọ́n san ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn fún àwọn tó ní ẹrú. Ẹrú fúnra rẹ̀ ò gba kọ́bọ̀. Láti 1834, wọ́n ní kí àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́ fún olówó wọn láìgba owó, wọ́n ní wọ́n ń kọ́ṣẹ́ òmìnira. Iṣẹ́ tí ènìyàn ti ń ṣe láti kékeré, wọ́n ní ó ń kọ́ ọ! 1838 ni èyí tó parí. Kúbà ṣe irú rẹ̀ láti 1880 sí 1886. Ní Bùràsíìlì, òfin 1888 dá ẹrú sílẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n kò fún wọn ní ilẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà ló wá jọ ti oko àjọpín jù. Ní January 1865, Ọ̀gágun Sherman pàṣẹ pé kí wọ́n pín ilẹ̀ fún àwọn tó bọ́ lóko ẹrú létí òkun ní ìhà Gúúsù, ìdílé kan kò ní gbà ju ogójì éékà lọ. Kí ọdún náà tó parí, Ààrẹ Andrew Johnson ti ń gba ilẹ̀ náà padà fún àwọn olówó àtijọ́. Ẹni tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní ìbaaka, tí kò ní irúgbìn, ó padà sóko òwú tó ti sìn. Wọ́n ní kó gbìn ín, kí wọ́n pín in. Lọ́pọ̀ ibi, ìdajì ni ìpín rẹ̀. Bí a bá wò ó lókèèrè, ó dà bí ohun tó dáa.

Ẹ wo ibi tí ọ̀fìn wà. Kó tó kórè, ó gbọ́dọ̀ jẹun. Ní ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀ ló ti ń ra oúnjẹ, aṣọ àti irúgbìn ní àwìn, pẹ̀lú èlé. Onílẹ̀ ló ń kọ gbèsè sílẹ̀. Onílẹ̀ ló ń wọn òwú. Onílẹ̀ ló ń tà á, òun náà ló sì ń sọ iye tó tà á. Bí ọdún bá parí, á ní, "Ìpín tìrẹ rèé, gbèsè tìrẹ rèé. O ṣì jẹ mí." Ẹni tó jẹ gbèsè ò gbọdọ̀ lọ. Bó bá lọ, ọlọ́pàá á mú un wá. Ọmọ rẹ̀ á dàgbà sínú gbèsè náà.

Ní September 1919, àwọn alájọpín aláwọ̀ dúdú nítòsí ìlú Elaine, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ṣe ìpàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ ò ju pé kí wọ́n fi ìṣirò owó òwú hàn wọ́n lọ, kí wọ́n sì san ẹ̀tọ́ wọn. Ìbọn dún níbẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun àti ṣọ́jà wá pa ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n dájọ́ ikú fún ọkùnrin dúdú méjìlá. Ó di 1923 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà tó sọ pé ìgbẹ́jọ́ tí wọ́n ṣe fún mẹ́fà nínú wọn kì í ṣe ìgbẹ́jọ́ gidi. Nígbẹ̀yìn, gbogbo àwọn méjìlá náà gba òmìnira. Ẹ má gbàgbé ohun tó dá ìjà yẹn sílẹ̀: ìwé ìṣirò ni.

Kí ló wá kàn wá?

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa rí ohun tó rí. Ìyá àgbà náà ò purọ́. Alájọpín tó lè kọ̀, tó lè lọ, tó mọ iye tí wọ́n ta kòkó, tó sì gba ìpín rẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, kò sí ẹni tó lè pè é lẹ́rú. Àmọ́ bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú ìwọ̀nyí, tí a tún yọ èkejì, ohun tó kù á máa rùn bí ti àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì mọ sí oko. Ẹ wo àwọn obìnrin wa tó ń gba owó tí wọ́n ń pè ní gbọ́múlélántà, tí wọ́n ń san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n tún ń yá òmíràn láti fi san ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wo awakọ̀ Mícrà tó ń san owó ojoojúmọ́ fún ẹni tó ni mọ́tò, tí mọ́tò bàjẹ́ tí owó ò dúró. Ẹ wo ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé wa gan-an, tó jẹ́ pé ẹni tó mú un wá láti abúlé ló ń gba owó oṣù rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, ṣùgbọ́n òfin kì í wo inú kíṣìnì.

Àwa ẹlẹ́sìn ìṣẹ̀ṣe ní ìdí tiwa láti ṣọ́ra. A gbà pé kò sí ẹni tó wá sáyé láìyan orí. Ẹrú kúnlẹ̀ yan orí bí ọba ṣe kúnlẹ̀ yàn án. Ẹni tó bá jókòó lórí orí ẹlòmíì, tó wá lọ bọ orí tirẹ̀ láàárọ̀, kí ló ń bọ? Ẹ̀yin tí ẹ sì ń pe ẹnì kan ní ọmọ ẹrú nígbà tí ẹ bá ń pín ilẹ̀ agbo ilé, ẹ dákun, ẹ jáwọ́. Àwọn àgbà ní bí wọ́n ṣe bí ẹrú náà ni wọ́n bí ọmọ.

Ohun tí mo ń bẹ ilé kọ̀ọ̀kan rèé, kó tó di pé kòkó ọdún yìí pọ́n.

Èkínní, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, méjì dọ́gba, ní èdè tí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́. Ẹ kọ ìpín kálukú, ẹ kọ ẹni tí yóò ra oògùn kòkó àti ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ẹ wá onígbọ̀wọ́ tó lè bá ẹ̀yin náà wí.

Èkejì, kí òṣùwọ̀n wà lójú àwọn méjèèjì. Ẹni tó ká kòkó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n, kó sì rí ìwé tí ẹni tó rà á kọ.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá fún un lówó oúnjẹ ṣáájú ìkórè, ẹ má gba èlé lórí ẹ̀. Ẹ parí ìṣirò lọ́dọọdún. Bí kòkó ò bá so, ẹ jọ jẹ àdánù náà. Ẹ má fi gbogbo ẹ̀ lé e lọ́rùn.

Ẹ̀kẹrin, gbèsè bàbá ò gbọdọ̀ di iṣẹ́ ọmọ. Bí alájọpín bá kú, ẹ ṣírò ohun tó tọ́ sí i fún aya àti ọmọ rẹ̀. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ tó gbìn sáàárín kòkó, tiwọn ni.

Ẹ̀karùn-ún, bó bá fẹ́ lọ, kó lè lọ. Ẹni tí kò lè lọ kì í ṣe alájọpín.

Ẹlòmíì lè ní, "Ta ló fẹ́ ṣe gbogbo wàhálà yìí?" Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Ògún ni ẹlẹ́rìí àdéhùn wa. Ní kóòtù pàápàá, irin la ń fẹnu bà tí a bá fẹ́ búra. Àdá tí alájọpín fi ń ro oko wa láàárọ̀, irin Ògún kan náà ni. Àdá yẹn mọ iye ebè tó kọ, ó mọ iye kòkó tó ká, ó sì mọ ohun tí a san.

Kí Olódùmarè jẹ́ ká jẹ nínú oko wa láìjẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíì mọ́ ọn. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.